Pátákó Mẹ́ta Inú Igbó Alámọ̀

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀, kó tètè lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, kó fara balẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn lẹ́nu, kò sì dùn nímú. Èmi Ọdẹ́yalé ọmọ Olúgbọ́dì, tí mo ti bá iwin jẹun nínú abọ́ kan náà tí mo sì jẹ tán ṣáájú rẹ̀, tí ẹfọ̀n ti rí mi rí tó ya bàrá kúrò lójú ọ̀nà bí ẹni jẹ gbèsè, mo ti wọ igbó mẹ́rìndínlógún láyé mi, kò sì sí èyí tó kó mi nírìíra tó Igbó Alámọ̀. Ẹranko tó bá fẹ́ pa ọ́ kúkú máa ń fi eyín hàn ọ́. Àwọn tí mo bá níbẹ̀, ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín sí mi, tí wọ́n ń sọ fún mi pé gbogbo nǹkan pé. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ létí mi pé "ó pé," itọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kún ẹnu mi.

Gbogbo yín mọ ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ilé márùn-ún ló ni ín, orúkọ àwọn àgbà ilé márààrún sì wà lára pátákó kan tí Baálẹ̀ gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ èdè wa. Èdè irin nìkan ló gbọ́. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ kó ṣe, a ní láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ògbufọ̀ nínú Igbó Alámọ̀, kó yí i sí èdè irin, kí wọ́n fín in sára irin pẹlẹbẹ kan, kí a wá ki irin náà bọ àyà ẹ̀rọ. A ní irin tí ń sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀, a ní èyí tí ń sọ pé kó yára. A kò ní èyí tí ń sọ pé kó dúró, nítorí Ògbufọ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí epo bá tán, ohunkóhun tó bá sì bọ́ sí i lẹ́nu, ó ti di gàrí nìyẹn. Ìka méjì tó jẹ́ ti ìyàwó wa, Fadérera, ti wọ inú rẹ̀ lọ.

Fadérera ni opó tí àbúrò mi Ọládosù fi sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló ti wà nínú ilé wa lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, òun ló sì ń dúró ti ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà ìkórè. Olùkọ́ ni kó tó wọ ilé wa. Oṣù márùn-ún ló fi jókòó ti àwọn irin àtijọ́, tó ń yẹ̀ wọ́n wò títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọ Ògbufọ̀ gan-an. Ó wá kọ ìwé mẹ́ta. Èkíní máa kọ́ etí Ògbufọ̀ láti dá ọ̀rọ̀ náà "dúró" mọ̀, èkejì máa kọ́ òye rẹ̀ ní ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀kẹta á sì kọ́ ẹnu rẹ̀ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún irin. Ó kúnlẹ̀, ó gbé wọn lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ẹ̀gẹ́ á tó kó ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún òní. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi kọ ìwé wọ̀nyí, òun náà ni mo sì fi ń ti ẹ̀gẹ́ bọnú ẹ̀rọ. Ẹ bá mi gbé wọn lọ kó tó di ọjọ́ náà."

Mo ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ náà ni kó o dúró tì í lọ́dún yìí? Sọ pé o ò ṣe."

Ó ní, "Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára pátákó Baálẹ̀ ló lè sọ pé òun ò ṣe, Bàbá Ọdẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyàwó wa, ta ló ń wo pátákó? Inú ilé wa lo wà, ohun tó jẹ́ tiwa, tìẹ ni." Ó kàn ń so ìwé náà mọ́ inú awọ kí omi má bàa bà á jẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti tù ú nínú, mo sì gbé ìbọn mi kọ́ èjìká.

Mi ò ní fi bí mo ṣe sùn àti ohun tí mo jẹ lọ́nà dá yín lágara. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn. Kí n tó rí Igbó Alámọ̀, imú mi ti rí i. Òórùn amọ̀ tútù tó ti bà jẹ́ ni, bí ìgbà tí omi ògì bá ti pẹ́ jù nínú ìkòkò, tí ẹnìkan wá ju òkú eku sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Àràárọ̀ ni wọ́n ń mọ Ògbufọ̀ tuntun. Amọ̀ ni gbogbo ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá mọ tí kò dára, kòtò ńlá kan ló wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń wọ́ ọ dà sí. Mo yọjú wo kòtò náà. Etí ni, ètè ni, ìdajì orí ni, wọ́n kún un dé ẹnu, gbogbo rẹ̀ ń yọ̀ gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀, eṣinṣin sì ṣú bò ó. Èyí tó burú jù ni pé àwọn ètè náà ò tíì kú tán. Wọ́n ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń sọ pé "wá," òmíràn ń sọ pé "má," kò sí èyí tó parí ohun tó fẹ́ sọ.

Àwọn Alámọ̀ ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Wọn ò ní ojú rárá, awọ ara ló tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí ojú wà, ìka wọn sì gùn dé orúnkún. Yàrá mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: Yàrá Etí, Yàrá Òye, àti Yàrá Ẹnu. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ìwé ló kún orí pẹpẹ. Ìwé kan ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀yà kan, nígbà tí wọ́n bá sì mọ gbogbo ẹ̀yà tán, wọn á kó wọn fún ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní Asopọ̀, tó máa fi itọ́ ẹnu rẹ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀ di odindi Ògbufọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, itọ́. Ó máa ń fà á láti inú ọ̀fun wá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Mi ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdẹ tó ti wọ igbó mẹ́rìndínlógún, ta ni yóò máa bi léèrè ọ̀nà? Mo wọ Yàrá Etí, mo gbé ìwé kìíní sórí pẹpẹ. Mo gbé èkejì sí Yàrá Òye, mo gbé ẹ̀kẹta sí Yàrá Ẹnu, mo gbọn ọwọ́ mi nù, mo lọ sinmi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó di ọjọ́ kìíní mi níbẹ̀, wọ́n mọ Ògbufọ̀ wọn, Asopọ̀ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, àwọn Alámọ̀ sì yí ojú tí wọn ò ní sọ́dọ̀ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó pé." Mo lọ dúró níwájú Ògbufọ̀, mo ní kó sọ "dúró" fún irin. Ó la ẹnu amọ̀ rẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Lọ́jọ́ kejì mo gbé àwọn ìwé náà síwájú pátápátá, kí ọwọ́ àwọn Alámọ̀ lè kọ́kọ́ kàn wọ́n. "Ó pé," ni wọ́n wí, Ògbufọ̀ ò sì mọ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹta mo sun ìjálá fún ìwé, èmi àgbàlagbà, mo ń ki pépà bí ẹni ń ki erin. "Ó pé." Lọ́jọ́ kẹrin mo yìnbọn sókè láàárín yàrá, erùpẹ̀ àjà dà lé mi lórí, wọ́n dúró kí erùpẹ̀ balẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ó pé." Lọ́jọ́ karùn-ún, ohun tí mo ṣe nìyí, ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí láti sọ ọ́. Mo jókòó sórí òkúta, mo sọ síta pé ìwé Fadérera ni kò dára. Mo ní kí ló mọ̀, ṣebí ó kàn kọ́ ọmọ kéékèèké ní ABD ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nípa obìnrin tó ti pàdánù ìka méjì fún gàrí tí mo ń jẹ. Bí mo bá rántí, mo máa ń fẹ́ gbá ara mi létí.

Lọ́jọ́ keje, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù kí wọ́n kó ẹ̀gẹ́, mo gbọ́ tí nǹkan kan ń họra lẹ́yìn ilẹ̀kùn Yàrá Etí. Mo ti ilẹ̀kùn sẹ́yìn. Ẹ̀dá kan dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún èépá láti ọrùn dé ìdí, ọmọ ìka rẹ̀ kan sì jẹ́ ṣọ́ọ̀kì funfun. Pátákó kan wà lókè orí rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ sí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ méje ni mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kọjá, mi ò sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí.

Ó ní, "Èmi ni Onípátákó. Ọdẹ, ìwé rẹ dà?"

Mo ní, "Ó wà nínú yàrá."

"Ta ló sọ pé ó wà nínú yàrá?"

"Ojú mi ló rí i."

"Àwọn Alámọ̀ ní ojú bí?"

"Wọn ò ní."

"Kí wá ni wọ́n fi ń mọ ohun tó wà nínú yàrá?"

Onípátákó họ apá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó lára ẹ̀yìn rẹ̀, èépá já bọ́ sílẹ̀, ó mú un, ó jẹ ẹ́.

Ó ní, "Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ka pátákó fún wọn láàárọ̀. Ìwé tí mo bá dárúkọ ni wọ́n ń mọ. Èyí tí mi ò bá dárúkọ, ì báà sùn sórí pẹpẹ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sí."

Mo ní, "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Ọjọ́ méje ni wọ́n ń wí fún mi pé ó pé."

Ó ní, "Kí ni kí wọ́n sọ? Gbogbo orúkọ tí mo pè ni wọ́n mọ, kò sí èyí tó ṣẹ́kù. Ó pé."

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ níbí. Ẹ mọ àṣà wa. Nílé wa, àlejò tó bá ti fi orí lélẹ̀ sùn lẹ́ẹ̀mejì, a ó ní ó ti di ará ilé, kò sí ẹni tí ń mú ìwé jáde láti kọ orúkọ rẹ̀. Àwa a máa fi àṣà yìí yangàn níwájú àwọn ará ìlú mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí mo gbé ìwé wọlé tán, ọkàn mi balẹ̀ pé ó ti wọlé nìyẹn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé pátákó. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé a lè wà nínú ilé kí a má sì sí níbẹ̀.

Mo bẹ Onípátákó pé kó kọ orúkọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi. Ó ní òun ló ń tọ́jú pátákó yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun á yá mi ní ìka òun kí n fi kọ ọ́ fúnra mi, ṣùgbọ́n lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo ní láti bá òun họ ẹ̀yìn títí òun á fi ní ó tó. Mo ti bá ẹkùn jà. Ẹkùn mọ́ tónítóní. Mo fi èékánná mi họ ẹ̀yìn yẹn, omi ọyún sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde, ó gbóná, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bà jẹ́, Onípátákó sì ń kùn bí ológbò tó yó. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì, mo nu ẹnu, mo tún ń họ.

Nígbà tó ní ó tó, mo fa ìka rẹ̀ mọ́ra, mo kọ orúkọ ìwé kìíní sí ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Ó tutọ́ sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́. Ó ní, "Níbí, a kì í wo ọjọ́ tí ẹnìkan dé. Bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n ń tẹ̀ léra. Fi í sí àyè rẹ̀, kí àwọn yòókù sún." Mo fi í sí àyè rẹ̀ láàárín àwọn orúkọ tó ti wà níbẹ̀ kí bàbá mi tó bí mi. Wọ́n sún fún un. A sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní yàrá kejì àti ẹ̀kẹta, àti ẹ̀yìn àti èépá.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ka pátákó, mo fi etí ara mi gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn Alámọ̀ na ìka gígùn wọn sí ìwé Fadérera, wọ́n mọ ẹ̀yà tuntun mẹ́ta, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún Asopọ̀. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Asopọ̀ lẹ àwọn ẹ̀yà pọ̀ títí, nígbà tó kan ẹ̀yà ẹnu tuntun náà, ó gbé e sí etí, ó gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ẹnu yìí ń pe ẹnìkan. Ta ló ń pè?"

Mo ní, "Ìwé tó wà nínú Yàrá Òye ni. Ẹnu gbọ́dọ̀ bi òye léèrè kó tó sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Yàrá Ẹnu ò sọ fún mi rí pé òun ń bá Yàrá Òye ṣe nǹkan pọ̀. Mi ò mọ ẹni tó ń pè."

Mo ní, "Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn."

Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n," ó sì ṣí ọwọ́.

Ògbufọ̀ tí wọn ò tíì lẹ̀ tán wó lé mi lórí. Amọ̀ wọ imú mi, itọ́ Asopọ̀ wọ ẹnu mi, mo mọ bó ṣe rí lẹ́nu, mi ò ní sọ fún yín. Kí n tó dìde, àwọn Alámọ̀ ti fi ṣọ́bìrì gbá èmi àti amọ̀ papọ̀, wọ́n dà wá sínú kòtò. Mo rì dé àyà láàárín àwọn ètè, gbogbo wọn ń ràdọ̀ bò mí, wọ́n ń sọ "má" àti "wá" sí mi létí, ọ̀kan sì ń fà mí nírùngbọ̀n mu. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo fi gún etí ńlá kan tó ti gbẹ díẹ̀, mo fi fa ara mi sókè, mo tún gún òmíràn. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi gun ògiri kòtò yẹn, nítorí bí mo bá gun ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó ń yọ̀ mí padà ní méjì. Bí mo ṣe jáde báyìí, tí mo rí bí ère amọ̀ ògbólógbòó, ọ̀dọ̀ Onípátákó ni mo gbà lọ tààrà. Ó ti dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Mo họ ọ́. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ pátákó Yàrá Ẹnu pé yàrá yìí ń bá Yàrá Òye ṣe.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Asopọ̀ gbé ẹ̀yà ẹnu sí etí, ó gbọ́ ọ, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó lẹ̀ ẹ́. Ògbufọ̀ dìde. Mo ní kó sọ "dúró" fún irin. Ó sọ ọ́, ohùn náà sì kéré, bí ìgbà tí omi kan bá kán sínú àwo. Gbogbo Alámọ̀ tó wà níbẹ̀ dúró pẹ̀lú ọwọ́ wọn lókè. Wọ́n fín in sára irin pẹlẹbẹ, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó pé." Mo tutọ́ sílẹ̀, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi lọ, ọjọ́ mẹ́ta náà ni mo fi bọ̀, mo sáré, mi ò sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún, mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti orí òkè, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀, Fadérera wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ara ẹ̀rọ mú, ó ń fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn, apá bùbá rẹ̀ ti há sí i lẹ́nu, ẹ̀rọ sì ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn ń pariwo, wọ́n ń fà á láti ẹ̀yìn. Mo ki irin náà bọ àyà ẹ̀rọ. Ó dúró. Apá bùbá náà ti wọlé dé ọrùn ọwọ́. Fadérera wo ẹ̀rọ, ó wo mi bí mo ṣe rí.

Ó ní, "Ó gbọ́."

Mo ní, "Ó gbọ́, ìyàwó wa. Ìwé rẹ ò ní àbùkù kankan." Mi ò tíì sọ ti ọjọ́ karùn-ún fún un. Ẹ̀yin ni mo ń kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ó sì jókòó síbẹ̀ yẹn, ó ti wá gbọ́ báyìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ pe gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti yan àwọn tó máa dúró ti ẹ̀rọ. Wọ́n ti yìn mí fún wákàtí kan, mo sì jẹ́ kí wọ́n yìn mí. Fadérera jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú apá bùbá tó ti ya. Baálẹ̀ ka pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni tó bá pè ń dáhùn. Ó pa ojú dé, ó ní, "Gbogbo wa pé."

Itọ́ kún ẹnu mi. Mo rò pé Igbó Alámọ̀ ni ìríra mi wà, mi ò mọ̀ pé mo ti ń gbé e nílé láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo dìde, mo mú ṣọ́ọ̀kì tó wà lórí fèrèsé.

Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́yalé, kí lo fẹ́ kọ? Ṣebí orúkọ tìẹ wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ti Fadérera ni mo fẹ́ kọ."

Ó ní, "Fadérera? Ṣé òun náà ò ti wà nínú ilé yín ni?"

Mo ní, "Ó wà nínú ilé, Bàbá. Kò sí lára pátákó."

Mi ò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Mo fi í sí àárín àwọn orúkọ ilé wa, lókè tèmi, mo sì fún un ní àyè tó fẹ̀. Mo fẹ́ padà lọ jókòó nígbà tí Fadérera sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Baálẹ̀ wo pátákó, ó wo mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tó dé àárín, ó dúró díẹ̀ kó tó pè é, obìnrin náà sì gbé ọwọ́ tó ní ìka mẹ́ta sókè, ó ní òun wà níbí.